Aràn Inú Ẹṣin: Ta Ló Ní Ká Máa Fún Un Lóògùn Lóṣù Méjì Méjì?

Ẹṣin tó ń jẹko tí kò ní aràn nínú, ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ní tòun ò ní, ẹ bi í léèrè ìgbà tó yẹ imí rẹ̀ wò kẹ́yìn. Níní aràn kì í ṣe àìsàn. Ọ̀pọ̀ ẹṣin ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aràn kiri, ara wọn ń dán, wọ́n ń sáré, wọ́n ń bímọ. Ohun tó ń di àìsàn ni irú aràn tó wà níbẹ̀, bó ti pọ̀ tó, ọjọ́ orí ẹṣin, àti ibi tí ẹṣin ń gbé. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin léèrè, nílé lóko, ìdáhùn tí ẹ óò sábà gbọ́ ni pé oṣù méjì méjì làwọn ń lo oògùn aràn. Ìlànà yìí ní ìtàn, ìdí tó sì mọ́gbọ́n dání ni wọ́n fi dá a sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé ìdí náà ti kú tipẹ́. Ìlànà ló ṣẹ́kù tó ń dá rìn.

Ọdún 1966 ni Harold Drudge àti Eugene Lyons, onímọ̀ nípa aràn ní Yunifásítì Kentucky, tẹ ìmọ̀ràn wọn jáde pé kí olówó ẹṣin máa fún un lóògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, yípo ọdún. Kentucky ni ojúbọ ẹṣin eléré ìje ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀, kì í pẹ́ dé ibi tó kù. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Aràn kan ni wọ́n dìídì torí rẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strongylus vulgaris. Gígùn rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dúdú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń mu, ẹṣin tó sì ti pa kò lóǹkà.

Ọmọ aràn yìí ni ẹṣin ń jẹ mọ́ koríko. Tó bá dé ìfun, kì í dúró síbẹ̀. Á gún ògiri ìfun wọlé, á bọ́ sínú àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá, á sì máa wọ́ gòkè lòdì sí bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn, títí yóò fi dé ìdí iṣan ńlá tó ń bọ́ ìfun. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí fún bí oṣù mẹ́rin, tí yóò máa dàgbà. Ògiri iṣan náà á wú, á nípọn, ẹ̀jẹ̀ á máa dì mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ tí ègé ẹ̀jẹ̀ dídì kan bá já, tó lọ dí iṣan kékeré kan níwájú, apá ibi tí iṣan yẹn ń bọ́ nínú ìfun yóò kú. Ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á máa bojú wo ìhà ara rẹ̀, á dùbúlẹ̀, á yí gbiri, òógùn á bò ó. Nígbà tí oògùn ìrora kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní ayé ìgbà náà, ó ṣòro kí dókítà ẹran la inú òkú ẹṣin kó má bá àpá aràn yìí lára iṣan.

Oṣù mẹ́fà sí méje ni ó máa ń gbà á, láti ọjọ́ tí ẹṣin ti jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ tí òun náà yóò yé ẹyin. Níbí ni ọgbọ́n Drudge àti Lyons wà. Thiabendazole, oògùn tó jáde ní 1961, kì í rí ọmọ aràn tó wà nínú iṣan pa bó ti yẹ. Àgbà tó wà nínú ìfun ló mọ̀ ọ́n pa. Ṣùgbọ́n bí àgbà kọ̀ọ̀kan bá ń kú kété tó padà dé ìfun, kó tó yé ẹyin púpọ̀ sórí pápá, pápá á máa mọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹṣin ò sì ní rí ọmọ aràn tuntun jẹ. Ìṣirò náà pé. Kò ju bí ogún ọdún lọ tí aràn burúkú yìí fi di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń rí nínú ìwé ju inú ẹṣin lọ.

Oògùn tó wá bá wọn parí iṣẹ́ náà kan àwa náà ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Satoshi Ōmura ló bu erùpẹ̀ nítòsí pápá gọ́ọ̀fù kan ní Ito, ní ilẹ̀ Japan, tó rí bakitéríà kan nínú rẹ̀, tó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni William Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé ohun tí bakitéríà náà ń ṣe jáde ń pa aràn. Ivermectin ni wọ́n yọ nínú rẹ̀, ó sì bọ́ sọ́jà fún ẹranko ní 1981. Ọ̀kan nínú ohun tí Campbell kíyè sí ni pé ó ń pa àwọn ọmọ aràn wẹ́wẹ́ kan tó máa ń gbé inú awọ ẹṣin. Ìbátan aràn yẹn ló ń fọ́ èèyàn lójú létí odò tó ń ṣàn kíkan, láti Senegal títí dé ìgbèríko Ọ̀yọ́, Kwara àti Èkìtì. Láti ara ẹṣin ni ọkàn wọn ti lọ sí i pé ó lè ran èèyàn lọ́wọ́. Ní 1987, Merck kéde pé àwọn yóò máa fi oògùn náà tọrẹ. Mectizan tí wọ́n ń pín lábúlé wa, tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọn gíga èèyàn kí wọ́n tó mọ iye hóró tí wọn yóò fún un, oògùn kan náà ni. Ōmura àti Campbell gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015.

Fún ẹṣin, abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Ibi abẹ́rẹ́ wú lára àwọn kan, kòkòrò àìsàn wọlé síbẹ̀, àwọn ẹṣin kan sì kú. Kíá ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà, tí wọ́n sọ ọ́ di èyí tó kì bí ìpara, tí wọ́n ń fi sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀yìn ahọ́n ẹṣin. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí ivermectin abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún màlúù wà káàkiri ọjà wa, àwọn kan sì ń gún un fún ẹṣin torí pé kò wọ́n.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí aràn ńlá náà lọ tán, àwọn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò kà kún tẹ́lẹ̀ gba ipò rẹ̀. Cyathostomin ni orúkọ wọn. Wọ́n ju oríṣi 50 lọ, àwọn ni wọ́n sì kún inú ẹṣin àgbà jákèjádò ayé lónìí. Nínú ẹyin aràn tí ẹ bá rí nínú imí ẹṣin tó dàgbà, tiwọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Wọn kì í rìnrìn àjò jìnnà. Inú ògiri ìfun ńlá ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á fi àpò tín-ín-rín bo ara, wọ́n á dàgbà níbẹ̀, wọ́n á tún padà síta, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ìyẹn bí wọ́n bá fẹ́. Bí wọn ò bá fẹ́, wọ́n lè sùn nínú àpò yẹn fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ oògùn ò sì lè bá wọn níbẹ̀.

Oorun yẹn gan-an ni ewu wọn. Àgbà aràn tó wà nínú ìfun dà bí ẹni tó ń dá àwọn tó ń sùn dúró. Bí oògùn bá pa àgbà kúrò lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó ń sùn á gbọ́ pé àyè ti ṣí. Nígbà mìíràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún wọn á ya ògiri ìfun jáde pọ̀. Ẹṣin á máa yàgbẹ́ gbuuru, á rù láàárín ọjọ́ díẹ̀, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Nínú ẹṣin méjì tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan kú, kódà pẹ̀lú ìtọ́jú tó dára. Ẹṣin tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ló ń ṣe jù. Oògùn méjì péré ni wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn tó wà nínú àpò: moxidectin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti fenbendazole fún ọjọ́ márùn-ún léraléra. Ìkejì yìí, orí ìwé ni agbára rẹ̀ wà nísinsìnyí ní ibi púpọ̀, torí pé aràn ti mọ̀ ọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Oṣù méjì méjì ló kọ́ wọn. Nínú ogunlọ́gọ̀ aràn, díẹ̀ máa ń wà tí oògùn kì í tu irun kan lára wọn. Bí a bá da oògùn sí gbogbo ẹṣin lọ́jọ́ kan náà, àwọn díẹ̀ yẹn nìkan ló máa yé ẹyin sórí pápá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kí àwọn yòókù tó gbérí, ọwọ́ á tún ti bọ oògùn. Aràn tó ń lo oṣù mẹ́fà kó tó bímọ kì í rí àyè kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí kíákíá. Èyí tó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rí i. Láàárín àwọn ọdún 1960 yẹn gan-an ni wọ́n ti rí i ní Kentucky pé thiabendazole kò ran àwọn kékeré wọ̀nyí mọ́. Ẹbí rẹ̀ yòókù, fenbendazole àti àwọn mìíràn, ti bá a lọ. Pyrantel, oògùn mìíràn, ń kùnà níbi púpọ̀. Ivermectin ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló máa ń kọjá kí ẹyin tó tún yọ nínú imí lẹ́yìn rẹ̀. Nísinsìnyí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n ń rí níbi púpọ̀. Ní 2020, wọ́n ròyìn àwọn ọmọ ẹṣin tí wọ́n kó wá sí Kentucky láti Ireland, tí aràn inú wọn kò kú pẹ̀lú ivermectin tàbí moxidectin bó ti yẹ. Kò sì sí ẹbí oògùn tuntun kankan fún ẹṣin lẹ́yìn ìwọ̀nyí. Mẹ́ta ni wọ́n: ẹbí fenbendazole, pyrantel, àti ẹbí ivermectin, praziquantel ni ìkẹrin, aràn pẹlẹbẹ nìkan ló sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹṣin yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Aràn tó ń yọ ọmọ ẹṣin lẹ́nu ni Parascaris, tó jọ ejò inú tí àwọn ọmọ èèyàn ń ní, àmọ́ tó lè gùn tó ìdajì mítà. Ẹyin rẹ̀ ni ọmọ ẹṣin ń gbé mì. Ọmọ aràn á gba ẹ̀dọ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ ẹṣin á máa húkọ́, imú rẹ̀ á máa dà, a ó sì rò pé òtútù ni. Yóò wá húkọ́ rẹ̀ sókè, yóò gbé e mì padà sínú ìfun kékeré, ibẹ̀ ni yóò ti dàgbà. Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó wọlé, ó ti ń yé ẹyin tó lè tó 200,000 lójúmọ́. Ẹyin náà ní èèpo tó nípọn tó sì ń lẹ̀: ó ń lẹ̀ mọ́ ògiri, mọ́ ọmú ìyá ẹṣin, mọ́ ibùjẹ, ó sì ń wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ọmọ ẹṣin bá ti ń sún mọ́ ọdún kan, ara rẹ̀ á mọ bó ṣe ń lé aràn yìí jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Aràn yìí kan náà ló kọ́ ayé ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń jáde láti ara bàbá àti ìyá. Kúròmósómù inú ẹyin rẹ̀ kéré níye, wọ́n tóbi, wọ́n hàn ketekete. Édouard van Beneden ní Liège, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fi awò wo wọn, ó sì fi hàn ní 1883 pé ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá ló ń pàdé nínú ẹyin. Inú ẹṣin ni wọ́n ti ṣa àwọn aràn náà.

Ohun tó yẹ kí ọlọ́mọ ẹṣin mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ oògùn yí padà lórí Parascaris. Ivermectin tó ṣì ń pa aràn inú ẹṣin àgbà ti ń kùnà níbí. Netherlands ni wọ́n ti kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 2002, ó sì ti tàn ká. Fenbendazole, tí àwọn aràn kékeré inú ẹṣin àgbà kò kà sí mọ́, ló ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù fún ọmọ ẹṣin níbi púpọ̀. Ẹni tó bá ń fi oògùn kan ṣoṣo bọ ìyá àti ọmọ, ọ̀kan nínú méjèèjì ni kò rí nǹkan gbà. Ewu kejì wà níbẹ̀. Bí aràn bá ti kún ìfun kékeré ọmọ ẹṣin, tí a wá lo oògùn tó ń sọ wọ́n di arọ lójijì bí ivermectin tàbí pyrantel, gbogbo wọn lè kú papọ̀, kí wọ́n dì mọ́ra wọn, kí wọ́n dí ìfun pa. Iṣẹ́ abẹ ló kù, ọ̀pọ̀ kì í yè é. Fenbendazole ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà ẹran fi ń sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹṣin bá pé oṣù méjì sí mẹ́ta, kí a tún un ṣe láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Moxidectin kì í ṣe fún ọmọ ẹṣin kékeré tàbí ẹṣin tó rù kan eegun rárá: inú ọ̀rá ló ń sá pamọ́ sí, ara tí kò ní ọ̀rá á gbà á sínú ẹ̀jẹ̀ jù.

Ìyókù kò gba kí a pẹ́ lórí wọn. Aràn pẹlẹbẹ Anoplocephala ń wọlé nípasẹ̀ kòkòrò kan tó kéré bí eruku, tó ń gbé nínú koríko. Ibi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá ló ń kó ara jọ sí, ó ń fa inú rírun. Kíka ẹyin kì í sábà mú un. Ní Britain, wọ́n ti ń fi itọ́ ẹṣin yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sí, praziquantel lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ẹṣin tó ń jẹko ti tó. Oxyuris ń yé ẹyin rẹ̀ sí ìdí ẹṣin lóde, ìdí á máa yún un, á máa fi ìrù ha ògiri títí irun rẹ̀ yóò fi já. Kì í pa ẹṣin, àmọ́ ẹni tó ń retí ìrùkẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ á pẹ́. Eṣinṣin Gasterophilus ń lẹ ẹyin mọ́ irun ẹsẹ̀ àti àyà. Ẹṣin á lá a, ìdin rẹ̀ á fi ẹnu kọ́ ògiri àpòlúkù fún oṣù púpọ̀. Ó ń ba ojú jẹ́ ju bó ṣe ń ba ara jẹ́ lọ, ivermectin sì ń pa á. Strongyloides ń gba inú wàrà ìyá wọ ọmọ tuntun, ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, àmọ́ kì í pẹ́ lọ.

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ni ká fi rọ́pò oṣù méjì méjì. Ìdáhùn tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni pé ká ka ẹyin inú imí kí a tó lo oògùn. Iṣẹ́ náà kò le. A ó wọn imí tútù gíráàmù mẹ́rin, a ó pò ó mọ́ omi iyọ̀ tó ti kún fún iyọ̀ dé góńgó, mìlílítà 26, a ó sẹ́ ẹ, a ó rọ díẹ̀ sínú àwo gíláàsì McMaster, irú èyí tí wọ́n ṣe jáde ní yàrá ìwádìí kan ní Australia. Ẹyin aràn á léfòó. A ó kà á lábẹ́ awò, a ó fi 25 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tí a bá rí ni iye ẹyin nínú gíráàmù imí kan. Bí kò bá tó 200, ẹṣin àgbà yẹn kò nílò oògùn lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ti kọjá 500, ó nílò rẹ̀. Àárín méjèèjì, ẹ wo ẹṣin náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ohun kan yé gbogbo ènìyàn: nínú ẹṣin àgbà tó jọ ń gbé, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ló ń ya nǹkan bí ìdá 80 ẹyin aràn tó ń bọ́ sórí pápá, àwọn kan náà sì ni lọ́dọọdún. Àwọn ni kí a fún lóògùn. Aràn inú àwọn yòókù, tí oògùn kò bá, ń wúlò fún wa: wọ́n ń da ẹyin tí oògùn ṣì lè pa sórí pápá, àwọn alágídí á sì wà láàárín wọn bí ẹmu tí a bu omi là. Kíkà yìí kan náà ló ń sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹ kà á lọ́jọ́ tí ẹ lò ó, ẹ tún un kà lẹ́yìn ọjọ́ 14. Bí ẹyin bá jẹ́ 800, tó wá di 200, ìdá 75 péré ló lọ. Fún ivermectin, ohun tí kò bá tó 95 ti yẹ ní fífura sí.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kíkà ni òpin ọ̀rọ̀. Denmark gbìyànjú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti 1999 ni òfin wọn ti sọ pé dókítà ẹran gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí aràn kó tó kọ oògùn fún ẹṣin. Ní 2012, Martin Nielsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé lóko tí wọ́n ti ń yan ẹṣin tí wọn yóò fún lóògùn, Strongylus vulgaris, apẹṣin àtijọ́ yẹn, ti wọ́pọ̀ ju oko tí wọn kò ti yàn lọ. Ó rọrùn láti mọ ìdí. Ẹyin rẹ̀ àti ti àwọn kékeré jọra, awò kò lè yà wọ́n. Ẹṣin tó bá sì ń ya ẹyin aràn díẹ̀ lọ́dọọdún kò ní fojú kan oògùn, bẹ́ẹ̀ sì ni aràn ńlá lè wà láàárín díẹ̀ yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ wá dúró sí báyìí ni pé kí gbogbo ẹṣin àgbà gba ivermectin tàbí moxidectin lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kíkà ló máa wá pinnu ta ni yóò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fara mọ́ ọn.

Nílé wa ńkọ́? Ilẹ̀ igbó kì í ṣe ilé ẹṣin. Aláàfin fi ẹlẹ́ṣin jagun, àmọ́ òkè Ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wá, eṣinṣin tsetse ni kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níhà gúúsù. Lónìí, ẹṣin tí àwọn ìdílé ń gùn jó ní Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ti Dọ́ọ́bà Ìlọrin, àti èyí tí wọ́n ń gùn gbá pọ́lò n'Íkòyí àti n'Íbàdàn, púpọ̀ nínú wọn inú ilé ni wọ́n so wọ́n mọ́, tí a ń gé koríko wá bá wọn. Èyí yí gbogbo nǹkan padà. Koríko tí ẹṣin kankan kò yàgbẹ́ sí kò lè ní ọmọ aràn ẹṣin tó pọ̀ lára. Èyí tí a gé níbi tí màlúù ti ń kọjá, aràn màlúù ló ń gbé, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ló sì lè gbé inú ẹṣin. Fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀, oògùn lóṣù méjì méjì jẹ́ owó tí a dà sínú odò.

Ìwé inú páálí oògùn, ojú ọjọ́ Yúróòpù ló ń bá sọ̀rọ̀. Níbẹ̀, ọmọ aràn lè la ìgbà òtútù já lórí koríko títí di ọdún kejì. Níhìn-ín, bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹyin lè di ọmọ aràn tó ṣeé jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ooru kan náà yẹn ló ń jẹ́ kí oúnjẹ ara rẹ̀ tètè tán. Nígbà tí oòrùn àti ọyẹ́ bá dé, pápá tí ẹṣin kò tẹ̀ fún oṣù díẹ̀ á mọ́ gan-an. Òjò ni kí ẹ fi ṣe kàlẹ́ńdà, kì í ṣe oṣù òyìnbó.

Ìwọ̀n ẹṣin náà ṣe pàtàkì. Ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn ẹṣin, oògùn tí kò sì tó ló ń kọ́ aràn lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ẹ ta okùn yí àyà ẹṣin po lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí, ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ìwọ̀n àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyà rẹ̀ jẹ́ 160, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 140, nǹkan bíi kílò 302 ni. Ivermectin jẹ́ mìlígíráàmù 0.2 fún kílò kan, nítorí náà mìlígíráàmù 60 ló máa gbà. Sìríǹjì kan sábà máa ń tó ẹṣin kílò 600 tàbí kó dín díẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni ti ẹṣin yìí. Levamisole tó pọ̀ lọ́jà kò dára fún ẹṣin: àyè tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń wò ó àti ìwọ̀n tó ń pa á lára kéré jù. Ní ti aáyù àti èso ìbẹ́pẹ tí àwọn kan ń pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ń lé aràn kúrò nínú ẹṣin, aáyù púpọ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ jù, kò sí nínú páálí kankan. Ní 1986, Rupert Herd tẹ ìwádìí kan jáde láti Newmarket, ìlú ẹṣin ilẹ̀ England: pápá tí wọ́n ti ń gbá imí kúrò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ọmọ aràn tó kéré ju pápá tí wọ́n gbára lé oògùn lọ. Ní ilẹ̀ wa tó gbóná, tí ẹyin ń tètè pa, kò yẹ kí imí pẹ́ nílẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lọ. Kò dára kí a tú imí tútù náà padà sórí pápá ìjẹko. Ẹ kó o jọ kó jẹrà, kó gbóná nínú ara rẹ̀, ooru yẹn á pa ẹyin. Oúnjẹ kan tún ti wà ní Australia àti Amẹ́ríkà tí wọ́n po olú tín-ín-rín kan mọ́, Duddingtonia flagrans. Ó ń gba inú ẹṣin kọjá láìpa á lára, á hù nínú imí, á dẹ okùn mú ọmọ aràn kí wọ́n tó dé orí koríko.

Bí ọkọ̀ bá já ẹṣin tuntun sílẹ̀ láti òkè Ọya, ẹ so ó sọ́tọ̀. Ẹ mú imí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fún un ní moxidectin bí kò bá rù, nítorí ẹ kò mọ iye tó ń sùn nínú ògiri ìfun rẹ̀, ẹ fi praziquantel kún un. Gbogbo imí tó bá yà láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ kó o sọnù. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ tún ẹyin kà. Bí ẹyin bá ṣì wà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó fẹsẹ̀ tẹ pápá tí àwọn tó kù ti ń jẹko, kí dókítà ẹran tó dé.